Orí Keje: Àṣìṣe Wáyà Nígbà Tí A Bá Ń Pààrọ̀ Ẹ̀yà Iná Inú Hẹlikọ́pítà Onírìmóòtù

Èròǹgbà ẹ̀kọ́

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

1. dárúkọ àwọn ẹ̀yà iná inú hẹlikọ́pítà kékeré, kí ó sì sọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn;
2. ṣírò ooru tí BEC ń mú jáde àti iye fóòtì tí wáyà ń jẹ lójú ọ̀nà;
3. ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀yà méjì tó dára fi lè ba ara wọn jẹ́ tí a bá so wọ́n pọ̀;
4. ṣe àyẹ̀wò ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé kí abẹ̀bẹ̀ tó yí.

7.1 Ìfáárà

Ní nǹkan bí ọdún 1970, Dieter Schlüter, ẹlẹ́rọ ará Jámánì, fi han ayé pé hẹlikọ́pítà kékeré onírìmóòtù ṣeé fò dáadáa. Ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo ló ń gbé irú èyí tó ṣe. Bátìrì inú rẹ̀ kò tóbi, nítorí pé risífà àti servo nìkan ló ń bọ́ (a ó ṣàlàyé àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí ní 7.2). Lónìí, bátìrì líthíọ́ọ̀mù ló ń gbé púpọ̀ nínú wọn. Bátìrì kan ṣoṣo yìí ló ń yí mọ́tọ̀, òun náà ló sì ń bọ́ risífà, servo àti gyro. Ẹ̀yà tó ń fa 40 ámípíà àti ẹ̀yà tí kò gbọdọ̀ rí ju 6 fóòtì lọ wá ń mu nínú orísun kan náà. Ìdí nìyí tí àṣìṣe wáyà fi ń náni lówó ju ti ìgbà ẹ́ńjìnnì epo lọ.

Hẹlikọ́pítà tí a ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ nínú orí yìí ni irú tí wọ́n ń pè ní 450, bíi T-Rex 450 tí ilé iṣẹ́ Align ní Taiwan ṣe. Abẹ̀bẹ̀ ńlá rẹ̀ gùn tó 325 mm, bátìrì rẹ̀ sì jẹ́ 3S, ìyẹn onísẹ́ẹ̀lì mẹ́ta. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ní ọ̀pá ìmúdúró lórí abẹ̀bẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn tó ní i bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ̀pá náà kúrò, wọ́n ń fi ẹ̀rọ ìmúdúró tó ní gyro mẹ́ta nínú rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe èyí, wọ́n tún ń ra servo tuntun, BEC tuntun àti risífà tuntun. Ìgbà ìpààrọ̀ bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ń jóná jù.

Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ lákọ̀ọ́kọ́ ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó jóná lórí tábìlì kì í ṣe ayédèrú. Ẹ̀yà tuntun dára, ẹ̀yà àtijọ́ náà dára, àmọ́ wọn kò bá ara wọn mu. Nítorí náà, kí a tó so wáyà kan mọ́ òmíràn, ìbéèrè mẹ́rin ni a gbọ́dọ̀ dáhùn:

- Fóòtì mélòó?
- Ámípíà mélòó?
- Ìhà wo?
- Irú àmì wo?

Ìbéèrè mẹ́rin yìí ni a fi pín orí yìí.

7.2 Àwọn ẹ̀yà iná àti iṣẹ́ wọn

*Bátìrì LiPo.* Sẹ́ẹ̀lì ni a tò jọ sínú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan jẹ́ 3.7 fóòtì (V) lórí ìwé. Bí ó bá kún, ó ń di 4.2 V. Bátìrì 3S ní sẹ́ẹ̀lì 3, ó sì jẹ́ 11.1 V, tàbí 12.6 V bí ó bá kún. Bátìrì 6S jẹ́ 22.2 V, tàbí 25.2 V bí ó bá kún.

*ESC.* Ẹ̀yà yìí ló ń gba iná lọ́wọ́ bátìrì, tó ń pín in sórí wáyà 3 tó wọ inú mọ́tọ̀, tó sì ń pinnu bí mọ́tọ̀ yóò ṣe yára tó.

*BEC.* Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dín fóòtì bátìrì kù sí ìwọ̀n tí risífà àti servo lè gbà, bíi 5 V tàbí 6 V. Nínú ESC kan, BEC ti wà nínú rẹ̀. Nínú òmíràn kò sí, a ní láti ra èyí tó dá dúró.

*Risífà.* Òun ló ń gba àṣẹ láti ọwọ́ rìmóòtù.

*Servo.* Mẹ́rin ni hẹlikọ́pítà 450 ń lò. Mẹ́ta ń gbé àwo ìdarí tó wà lábẹ́ abẹ̀bẹ̀ ńlá, ọ̀kan ń darí abẹ̀bẹ̀ ìrù.

*Ẹ̀rọ ìmúdúró.* Gyro inú rẹ̀ ń mọ̀ bí hẹlikọ́pítà bá yí tàbí bí ó bá tẹ̀ láìjẹ́ pé awakọ̀ ló pàṣẹ, ó sì ń dá a padà sí ipò rẹ̀.

Wáyà servo máa ń jẹ́ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Pupa, tí í ṣe pọ́sítíìfù, wà láàárín. Dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ ni nẹ́gétíìfù. Funfun, ọsàn tàbí yẹ́lò ló ń gbé àmì.

7.3 Ìbéèrè kìíní: Fóòtì mélòó?

*Síso bátìrì méjì pọ̀.* Ẹni tó bá fẹ́ kí hẹlikọ́pítà rẹ̀ pẹ́ lójú ọ̀run lè rò pé kí òun so bátìrì 3S méjì pọ̀. Bí ó bá so pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, nẹ́gétíìfù mọ́ nẹ́gétíìfù, fóòtì kò ní yí padà. Iye iná tó wà nípamọ́ ni yóò di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí ó bá so pọ́sítíìfù ọ̀kan mọ́ nẹ́gétíìfù èkejì, fóòtì ni yóò di ìlọ́po méjì, bátìrì náà yóò sì di 6S.

> Àpẹẹrẹ 7.1. Mọ́tọ̀ kan ń yí ní ìgbà 3,500 ní ìṣẹ́jú kan fún fóòtì kọ̀ọ̀kan, bí kò bá ru ẹrù. Jíà ńlá ní eyín 150, jíà kékeré ní 11. Báwo ni abẹ̀bẹ̀ yóò ṣe yára tó lórí 3S? Lórí 6S ńkọ́?
>
> Lórí 3S: 3,500 × 11.1 = 38,850 ní ìṣẹ́jú kan fún mọ́tọ̀. Abẹ̀bẹ̀: 38,850 × 11 ÷ 150 = nǹkan bí 2,849.
>
> Lórí 6S: mọ́tọ̀ yóò di 77,700, abẹ̀bẹ̀ yóò di nǹkan bí 5,698.

Agbára tó ń fẹ́ fa abẹ̀bẹ̀ já kúrò lórí ọ̀pá rẹ̀ ń pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin bí ìyára bá di ìlọ́po méjì. Bí ESC bá tilẹ̀ fara da 6S, abẹ̀bẹ̀ lè fò já lu ẹni tó dúró nítòsí. Lóòótọ́, ESC tí wọ́n kọ 3S sí lára sábà máa ń jóná kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀.

*Servo tuntun pẹ̀lú servo àtijọ́.* Àwọn servo kan wà tí wọ́n ṣe fún 7.4 V sókè. Àwọn mìíràn kò gbọ́dọ̀ rí ju 6 V lọ, bẹ́ẹ̀ ni servo ìrù kan wà tí 4.8 V ni wọ́n ṣe é fún. Bí a bá ra servo mẹ́ta tuntun onífóòtì gíga fún àwo ìdarí, tí a sì gbé BEC sí 7.4 V nítorí wọn, servo ìrù àtijọ́ tó wà lórí ìlà kan náà ni yóò jìyà rẹ̀. Ìlà kan náà ni gbogbo servo wà. Fóòtì tí ọ̀kan rí ni gbogbo wọn rí. Nítorí náà, ìwọ̀n servo tí fóòtì tó lè gbà kéré jù ni a ó gbé BEC sí. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí a fi ẹ̀yà tó ń dín fóòtì kù sáàárín BEC àti servo náà.

*Risífà satellite.* Àwọn risífà kékeré tí ilé iṣẹ́ Spektrum ṣe láti máa so mọ́ ẹ̀rọ ìmúdúró ń lo 3.3 V. Ẹ̀rọ ìmúdúró ní ojúhò tirẹ̀ fún wọn, èyí tó ń fún wọn ní ìwọ̀n yìí gan-an. Ẹni tó bá gé púlọ́ọ̀gì wọn, tó sì fi púlọ́ọ̀gì servo rọ́pò rẹ̀ kí ó lè wọ ojúhò mìíràn, yóò fún wọn ní 5 V tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbígé púlọ́ọ̀gì kí ó lè wọ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ jẹ́ àmì pé a ti fo ìbéèrè kìíní.

*BEC méjì lórí ìlà kan.* Nígbà tí a bá fi BEC tó dá dúró kún hẹlikọ́pítà, BEC inú ESC ṣì wà níbẹ̀. Bí a bá so méjèèjì mọ́ risífà, èyí tí fóòtì rẹ̀ ga jù ló máa gbé gbogbo ẹrù, àwọn BEC mìíràn sì wà tí kò gbà kí iná padà wọ ẹnu wọn. Ojútùú rẹ̀ kò le: a ó yọ wáyà pupa kúrò nínú púlọ́ọ̀gì tó ti ESC wá, a ó fi téèpù wé orí rẹ̀. Wáyà dúdú kò gbọdọ̀ kúrò, nítorí òun ni risífà àti ESC jọ fi ń wọn àmì. Bí a bá yọ ọ́, ESC lè máà gbọ́ àṣẹ mọ́, tàbí kí ó máa gbọ́ ọ lódìlódì.

7.4 Ìbéèrè kejì: Ámípíà mélòó?

Fóòtì lè tọ̀nà, kí ìṣàn iná máà tó. Servo tuntun tó yára, tó sì lágbára, ń fa iná ju servo àtijọ́ lọ, pàápàá nígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí BEC bá jẹ́ 2 ámípíà (A) péré, fóòtì yóò já wálẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá tí awakọ̀ bá fa rìmóòtù gidigidi. Risífà yóò kú, yóò tún tan. Ní ìwọ̀nba àkókò yẹn, hẹlikọ́pítà kò lólùdarí. Ohun tó ń rúni lójú ni pé lórí tábìlì, ohun gbogbo ń ṣiṣẹ́, nítorí pé a kì í sábà fa servo mẹ́rin pọ̀ lórí tábìlì, kò sì sí ẹrù lórí wọn níbẹ̀.

*Irú BEC.* BEC linear ń dín fóòtì kù nípa sísọ èyí tó ṣẹ́kù di ooru. BEC switching ń tan iná, ó ń pa á ní kíákíá, nítorí náà ooru rẹ̀ kéré.

> Àpẹẹrẹ 7.2. BEC linear kan ń mú 5 V jáde, servo sì ń fa 2 A. Ooru mélòó ni yóò mú jáde lórí bátìrì 3S tó kún? Lórí 6S tó kún ńkọ́?
>
> 3S: (12.6 − 5) × 2 = 15.2 wáàtì (W).
>
> 6S: (25.2 − 5) × 2 = 40.4 W.

Ayọ́ọ̀nù kékeré tí àwọn oníṣẹ́ rédíò fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì sábà máa ń jẹ́ 40 W. Kò sí ẹ̀yà kékeré inú hẹlikọ́pítà tó lè gbé irú ooru bẹ́ẹ̀ pẹ́. Bí ó bá gbóná kọjá ààlà, ó lè pa ara rẹ̀, risífà yóò sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ESC tó ń lo sẹ́ẹ̀lì púpọ̀ fi ń lo BEC switching tàbí kí ó máà ní BEC rárá. Ẹni tó bá so ESC tí kò ní BEC mọ́ risífà, tí risífà kò sì tan, kó má ṣe dá ESC lẹ́bi. Iná ni risífà kò rí.

*Wáyà tó tín-ínrín.* Wáyà náà ní ìdènà tirẹ̀, a sì ń wọn ìdènà ní óómù (Ω). Nínú òǹkà AWG, bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni wáyà ṣe ń tín-ínrín tó.

> Àpẹẹrẹ 7.3. Wáyà pupa àti dúdú láti bátìrì dé ESC gùn ní 20 cm ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 0.4 m lápapọ̀. Ìṣàn iná jẹ́ 40 A. Ìdènà AWG 16 jẹ́ nǹkan bí 0.0132 Ω fún mítà kan, ti AWG 12 jẹ́ nǹkan bí 0.0052 Ω.
>
> AWG 16: 0.0132 × 0.4 = 0.0053 Ω. Fóòtì tó ṣòfò: 40 × 0.0053 = 0.21 V. Ooru: 0.21 × 40 = 8.4 W.
>
> AWG 12: 0.0052 × 0.4 = 0.0021 Ω. Fóòtì tó ṣòfò: 0.08 V. Ooru: nǹkan bí 3.3 W.

*Wáyà tó gùn jù.* Bí ibi tí a fẹ́ gbé ESC sí bá jìnnà sí bátìrì, ó wu ènìyàn láti fa wáyà bátìrì gùn. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. ESC ń gé iná sí wẹ́wẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wáyà bátìrì bá gùn, ó ń ta ko àyípadà ìṣàn iná yìí, fóòtì á máa fò sókè sódò lẹ́nu ESC, àwọn kapásítọ̀ ẹnu rẹ̀ á sì gbóná. Bó bá di dandan kí wáyà gùn, ti ìhà mọ́tọ̀ ni kí a fà gùn.

7.5 Ìbéèrè kẹta: Ìhà wo?

*Bátìrì lódìkejì.* Nínú gbogbo àṣìṣe inú orí yìí, èyí ló yára ṣe iṣẹ́ ibi jù. Nínú ESC, àwọn tiransísítọ̀ tó ń darí iná ní ọ̀nà kan nínú tí iná lè gbà kọjá bí a bá so bátìrì lódì. Láti pọ́sítíìfù dé nẹ́gétíìfù, kò ní sí ìdènà kankan mọ́. Wáyà ti bríìjì nìyẹn. Bí ìdènà inú bátìrì 3S tó kún bá jẹ́ 0.03 Ω, ìṣàn iná tó lè jáde jẹ́ 12.6 ÷ 0.03 = 420 A. Ọ̀pọ̀ hẹlikọ́pítà kò ní fíúùsì láàárín bátìrì àti ESC, nítorí náà kò sí ohun tí yóò dá a dúró.

Bí púlọ́ọ̀gì bá ti tọ̀nà, kò ṣeé ṣe láti so bátìrì lódì, nítorí pé XT60 àti Deans kò gbà kí a kì wọ́n bọ ara wọn lódì. Àṣìṣe náà máa ń wáyé lọ́jọ́ tí a bá lẹ púlọ́ọ̀gì tuntun. Kí a wo àmì + àti − tó wà lára púlọ́ọ̀gì, kí a sì fi mítà wọ̀n ọ́n kí ó tó kan bátìrì. Kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ wáyà tí ẹlòmíràn lẹ̀.

*Púlọ́ọ̀gì servo lódì.* Nítorí pé pupa wà láàárín, bí a bá yí púlọ́ọ̀gì servo padà, pupa ṣì wà ní ipò rẹ̀. Àmì àti nẹ́gétíìfù ló pààrọ̀ ipò. Servo kò ní ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í sábà jóná. Èyí tó léwu ni kí púlọ́ọ̀gì yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ìdí rẹ̀ kan ṣófo, tí pupa yóò fi bọ́ sórí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀.

*Mọ́tọ̀ tó yí sódì.* Wáyà mẹ́ta tó so ESC mọ́ mọ́tọ̀ kò ní pọ́sítíìfù tàbí nẹ́gétíìfù. Bí mọ́tọ̀ bá yí sódì, a ó pààrọ̀ ipò èyíkéyìí méjì nínú wọn, yóò sì yí sí ìhà kejì. Nínú hẹlikọ́pítà tí béárìn rẹ̀ ń gba ìhà kan ṣoṣo, bí mọ́tọ̀ bá ń pariwo tí abẹ̀bẹ̀ ńlá kò sì yí, ibẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Ẹ má ṣe pààrọ̀ wáyà tó lọ sí bátìrì nítorí èyí láé.

*Gyro tó ń ṣàtúnṣe lódì.* Gyro tí a kò yí ìhà rẹ̀ sí bó ṣe yẹ kò ní jóná, kò sì ní fún wa ní àmì kankan títí abẹ̀bẹ̀ yóò fi yí. Nígbà náà, bí ìrù bá yẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún, gyro yóò tún tì í sí ọ̀tún sí i, hẹlikọ́pítà yóò sì máa pòyì lórí ilẹ̀. Báyìí ni a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò: a ó ti ọ̀pá ìrù lórí rìmóòtù sí òsì, a ó ṣàkíyèsí ìhà tí ọwọ́ servo ìrù lọ. A ó wá fi ọwọ́ yí imú hẹlikọ́pítà sí ọ̀tún ní kíákíá. Ọwọ́ servo gbọ́dọ̀ lọ sí ìhà kan náà tó lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé iṣẹ́ gyro ni láti dá imú padà sí òsì.

Bákan náà ni fún àwo ìdarí. Bí a bá tẹ imú hẹlikọ́pítà síwájú, àwo ìdarí gbọ́dọ̀ tẹ̀ sẹ́yìn. Bí a bá tẹ ẹ́ sí ọ̀tún, àwo gbọ́dọ̀ tẹ̀ sí òsì. Bí ìyẹn kò bá rí bẹ́ẹ̀, hẹlikọ́pítà yóò ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó tó kúrò nílẹ̀, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ yóò sì gbá ilẹ̀.

7.6 Ìbéèrè kẹrin: Irú àmì wo?

Servo ń mọ ibi tí ó yẹ kí ó lọ nípa bí àmì kan ṣe pẹ́ tó. Fún servo tó wọ́pọ̀, àmì àárín jẹ́ 1,520 µs. Ìdá mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá ni µs kan. Àwọn servo ìrù kan wà tí àmì àárín wọn jẹ́ 760 µs, ìyẹn ìdajì. Bí a bá fi servo 1,520 sórí ẹ̀rọ tí a tò sí 760, servo náà yóò rò pé wọ́n ní kí òun lọ dé ìpẹ̀kun. Yóò sáré lọ dúró síbẹ̀, yóò máa fi agbára ti ara rẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì máa fi gbóná jóná. Wáyà rẹ̀ tọ̀nà, fóòtì rẹ̀ tọ̀nà. Àmì tó dé ibẹ̀ ni kì í ṣe tirẹ̀.

Iye ìgbà tí àmì ń wá náà ṣe kókó. Servo analog ń fẹ́ kí àmì wá ní nǹkan bí ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 50 Hz. Ọ̀pọ̀ servo digital lè gba 333 Hz. Àwọn onídajì àmì lè gba 560 Hz. Bí a bá fi 333 Hz ránṣẹ́ sí servo analog, yóò gbóná.

> Àpẹẹrẹ 7.4. Kí ló dé tí servo 1,520 µs kò fi lè gba 560 Hz?
>
> Àyè tó wà láàárín àmì kan sí èkejì ní 560 Hz jẹ́ 1,000,000 ÷ 560 = nǹkan bí 1,786 µs. Ṣùgbọ́n àmì servo 1,520 lè gùn dé nǹkan bí 2,000 µs bí ó bá lọ dé ìpẹ̀kun. Àmì náà gùn ju àyè rẹ̀ lọ. Ní 333 Hz, àyè jẹ́ nǹkan bí 3,000 µs, ó sì gbà á.

Risífà òde òní tún lè kó àmì ọ̀pọ̀ ìdarí sórí wáyà kan ṣoṣo. S.Bus ti ilé iṣẹ́ Futaba jẹ́ àpẹẹrẹ irú èyí. Ojúhò S.Bus jọ ojúhò servo ní ojú, ṣùgbọ́n bí a bá ki servo tí kì í ṣe ti S.Bus bọ̀ ọ́, kò ní gbọ́ ohun tó ń sọ. Kí a tó sọ pé servo ti bàjẹ́, kí a wo ojúhò tí a kì í bọ̀.

7.7 Lílẹ wáyà àti títò ó

*Lẹ́ẹ̀dì tí kò mú.* Bí ayọ́ọ̀nù kò bá gbóná tó fún wáyà ńlá, lẹ́ẹ̀dì yóò jókòó lórí rẹ̀ láìwọ inú rẹ̀. Ojú irú lẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀ kì í dán. Ó lè ṣiṣẹ́ lónìí, kí ó já nígbà tí hẹlikọ́pítà bá gbọ̀n. A ó kọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì pa wáyà àti púlọ́ọ̀gì lára lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́yìn náà ni a ó so wọ́n. Rọ́bà tó ń sún kì tí ooru bá kàn án ni a ó fi bò ó.

*Gígé wáyà bátìrì.* A kì í fi ohun ìgé gé wáyà pupa àti dúdú bátìrì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Irin ohun ìgé yóò so wọ́n pọ̀, iná yóò sì ta. Ọ̀kan ni a ó gé, a ó lẹ̀ ẹ́, a ó bò ó tán, kí a tó fọwọ́ kan èkejì.

*Carbon.* Ara ọ̀pọ̀ hẹlikọ́pítà ni a fi carbon fiber ṣe. Etí rẹ̀ mú, ó sì ń gbé iná. Wáyà tó ń họra lórí etí yìí yóò já lára, nẹ́gétíìfù àti pọ́sítíìfù yóò sì lè bá ara wọn pàdé lórí ara hẹlikọ́pítà. Kí a fi nǹkan wé wáyà níbikíbi tó bá ti kan carbon, kí a sì dè é kó má bàa kan jíà tàbí ara mọ́tọ̀.

7.8 Ìlànà àyẹ̀wò

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí a ó ṣe tẹ̀ lé e nìyí:

1. Yọ abẹ̀bẹ̀ ńlá àti ti ìrù. Tú wáyà mẹ́ta mọ́tọ̀ kúrò lára ESC, kí o sì wé orí ọ̀kọ̀ọ̀kan.
2. Láìso bátìrì, fi mítà wò bóyá pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù ti bríìjì. Kapásítọ̀ lè mú kí mítà dún lẹ́ẹ̀kan kó sì dákẹ́. Bí kò bá dákẹ́, má ṣe so bátìrì.
3. Fún bátìrì 3S, fi gílóòbù ọkọ̀ 12 V, 21 W sáàárín bátìrì àti ESC lórí wáyà pupa. Gílóòbù yìí kò ní jẹ́ kí iná tó ju nǹkan bí 1.75 A kọjá. Bí ó bá tàn yòò tí kò sì kú, wáyà ti bríìjì níbì kan. Bí ó bá ṣẹ́jú tó sì kú, kapásítọ̀ ló ń kún.
4. Kí servo kankan tó wà lórí risífà, wọn fóòtì tó ń jáde láti BEC.
5. Láti ìgbésẹ̀ yìí lọ, tan rìmóòtù kí o tó so bátìrì. Bí o bá parí, yọ bátìrì kí o tó pa rìmóòtù.
6. So servo lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọwọ́ kàn án lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Èyí tó ń gbóná láìṣiṣẹ́ ní ohun tó ń ṣe é.
7. Yọ gílóòbù. Yẹ ìhà gyro àti àwo ìdarí wò bí a ṣe kọ ọ́ ní 7.5.
8. So mọ́tọ̀ padà, kí o sì wo ìhà tó ń yí láìsí abẹ̀bẹ̀.
9. Pa rìmóòtù lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mọ́tọ̀ ń yí jẹ́jẹ́ láìsí abẹ̀bẹ̀. Mọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ dúró. Ìgbà yìí nìkan ni a mọ̀ọ́mọ̀ tàpá sí ètò nọ́ńbà 5.
10. Abẹ̀bẹ̀ ni ìgbẹ̀yìn.

7.9 Ohun tí a rí àti ibi tí a ó kọ́kọ́ wò

| Ohun tí a rí | Ibi tí a ó kọ́kọ́ wò |
|---|---|
| Risífà kò tan rárá | ESC tí kò ní BEC. Wáyà pupa tí a yọ láìfi BEC mìíràn sí i |
| Risífà ń kú, ó ń tan | Ámípíà BEC. Lẹ́ẹ̀dì tí kò mú |
| Servo gbóná láìṣiṣẹ́ | 760 tàbí 1,520 µs, Hz, fóòtì BEC |
| Mọ́tọ̀ ń dún, abẹ̀bẹ̀ kò yí | Ìhà mọ́tọ̀. Wáyà méjì nínú mẹ́ta |
| Hẹlikọ́pítà ń pòyì lórí ilẹ̀ | Ìhà gyro ìrù |
| Ọ̀pá síwájú, àwo ìdarí tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ | Servo àwo tí a kì bọ ojúhò ara wọn |
| Iná ta pàrà nígbà tí a so bátìrì, ohun gbogbo sì dára | Kapásítọ̀ ESC tó ń kún. Kì í ṣe àṣìṣe |

Àkótán

Púpọ̀ nínú àṣìṣe wáyà ń wá láti inú kí a so ẹ̀yà tuntun mọ́ ti àtijọ́ láìbéèrè ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbà. Fóòtì tó pọ̀ jù ń jó ẹ̀yà ní kíákíá. Ámípíà tí kò tó ń dúró de ìgbà tí hẹlikọ́pítà bá wà lókè. Ìhà tí kò tọ̀nà lè jó ESC, ó sì lè máà jó nǹkan kan títí abẹ̀bẹ̀ yóò fi yí. Àmì tí kò bára mu ń pa servo tí ohun gbogbo lára rẹ̀ dára. Mítà àti gílóòbù kan tó láti mú púpọ̀ nínú wọn kí owó tó lọ.

Ìdánrawò

1. Dárúkọ ìbéèrè mẹ́rin tó yẹ kí a dáhùn kí a tó so wáyà, kí o sì fi àṣìṣe kan kan ṣe àpẹẹrẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.
2. BEC linear kan ń mú 6 V jáde láti inú bátìrì 4S tó kún. Servo ń fa 3 A. Ṣírò ooru rẹ̀.
3. Kí ló dé tí a fi ń yọ wáyà pupa nígbà tí BEC bá di méjì, tí a kì í yọ dúdú?
4. Akẹ́kọ̀ọ́ kan so bátìrì 3S méjì pọ̀, mítà rẹ̀ sì ka 25.2 V. Ṣàlàyé ohun tó ṣe àti bí yóò ṣe tún un ṣe.
5. Servo ìrù rẹ sáré lọ sí ìpẹ̀kun, ó sì dúró síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí o so ó. Kí ni ohun àkọ́kọ́ tí o máa ṣe, kí sì ni o máa wò lẹ́yìn náà?
6. *Iṣẹ́ ọwọ́.* Pẹ̀lú BEC kan, bátìrì 3S, gílóòbù 12 V àti mítà, wọn fóòtì BEC náà lẹ́ẹ̀mejì: nígbà tí kò sí servo lórí rẹ̀, àti nígbà tí servo mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́yìn tí o bá ti yọ gílóòbù. Kọ ìyàtọ̀ tí o rí sílẹ̀, kí o sì sọ bóyá BEC náà tó fún hẹlikọ́pítà tó ní servo mẹ́rin. Má ṣe so bátìrì kí olùkọ́ rẹ tó wo wáyà rẹ, má sì ṣe mú abẹ̀bẹ̀ kankan wọ inú yàrá iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.